Yíya Àwòrán Òkè àti Ẹyẹ ní Àríwá Èkìtì

Àwọn tí ó máa ń wo àwòrán òkè àti ẹranko nínú ìwé àwọn Òyìnbó a máa rò pé ó di òkè òkun kí ènìyàn tó rí ohun tí ó yẹ ní yíyà. Ẹ̀yin ònkàwé wa, ẹ bá wa gba ọ̀nà Adó lọ sí Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà gbé pín sí méjì: èkíní lọ sí Ìdó, ó sì kọjá lọ sí Ọ̀tùn, èkejì lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pé òkìtì ni ìtumọ̀ Èkìtì, nítorí bí ilẹ̀ náà ti rí gbágungbàgun. Ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà méjèèjì yìí kò ní bá a jiyàn.

Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn àpáta ńláńlá wọ̀nyí wà rí. Òjò àìmọye ọdún ni ó gbá ilẹ̀ kúrò lórí wọn tí wọ́n fi yọrí síta, àti títí di òní yìí oòrùn àti òjò ń bó wọn ní ìpele-ìpele bí ẹni ń bó àlùbọ́sà. Ibi tí omi máa ń gbà ṣàn sọ̀kalẹ̀ a dúdú; ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó a mọ́ ju ìyókù lọ. Oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí àwòrán fi èyí hàn, nítorí òkè orí gan-an ni ó ti ń wá, àpáta a sì dàbí ògiri tí a fi ẹfun kùn. Ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí kòtò àti gegele ara òkè ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ìyá bá ń sá láfún sórí àpáta, kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí a sì yà wọ́n pọ̀ mọ́ ọn, nítorí láìsí ènìyàn nínú àwòrán, ẹni tí kò dé ibẹ̀ kò lè mọ bí òkè náà ti tóbi tó.

Ìgbà ọyẹ́ kò dára fún òkè. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ a bò ó mọ́lẹ̀, tí a ó máa wo ibi tí a mọ̀ pé òkè wà tí a kò ní rí nǹkan kan. Ẹ dúró de òjò àkọ́rọ̀. Nígbà tí ó bá fọ ojú ọ̀run tán, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ ó rí òkè lẹ́yìn òkè títí ojú yóò fi rẹ̀ yín.

Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ti ẹyẹ. Apá àríwá yìí ni igbó ti ń di ọ̀dàn, tí ẹ ó ti máa rí igi igbá àti igi ẹ̀mí. Bí àgbẹ̀ bá ti fi iná sí oko, àwọn àwòdì a pé sókè èéfín, wọn a máa já bọ́ mú tata tí ń sá fún iná. Lékeléke ní tirẹ̀ a máa tẹ̀lé màlúù, nítorí ẹsẹ̀ màlúù ni ó ń lé kòkòrò jáde fún un. Ó ń sá fún ènìyàn, kì í sá fún màlúù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Kearton àti Cherry àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ti ya ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀ ní ọdún 1892, mọ irú ọgbọ́n yìí: wọ́n fi awọ ṣe màlúù oníhò, ọ̀kan nínú wọn a sì wọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ní Èkìtì ọkọ̀ tí a pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀, ẹ ya ẹyẹ láti ojú fèrèsé.

Ní ti ẹran, kí a sọ òtítọ́: òyà tí a so kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà fún títà ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí èyí tí ó wà láàyè. Ìbọn àti pàńpẹ́ ti kọ́ àwọn tí ó kù láti máa jẹun ní òru.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò dá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti àṣálẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ dára jù lọ ni wákàtí tí àwọn ará ibẹ̀ ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó má ṣe wà lójú ọ̀nà igbó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn apànìyàn dènà de àwọn ọba tí ń ti ìrìn-àjò bọ̀ ní agbègbè Ìkọ̀lé. Wọ́n pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ọba kẹta ni ó bọ́. Bí a bá lè ṣe èyí sí ọba, kí ni ti ẹni tí ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn?

Nítorí náà, kì í ṣe àlejò tí ó wá ní òwúrọ̀ tí yóò lọ ní ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí, bí kò ṣe àwọn tí ń sùn ní ìlú. Ní Ọ̀yẹ́ ni Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 2011, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ ni ó ní fóònù tí ń ya àwòrán dáadáa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè ya òkè kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́rin tí yóò fi kàwé, ohun tí yóò ní lọ́wọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkìtì ni a ti ń fọ́ àpáta fún òkúta ilé àti ti títì, òkè tí a bá sì ti fọ́ kì í hù padà.

Ní ti igbó tí ènìyàn kò lè jókòó sí, kámẹ́rà wà tí a ń so mọ́ igi, tí ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ẹran bá kọjá. Irú rẹ̀ ni ó ya àwọn gọ̀rílà pẹ̀lú ọmọ wọn mélòó kan lórí òkè Mbe ní Ìpínlẹ̀ Cross River ní ọdún 2020. Ẹni tí ó bá fẹ́ so irú rẹ̀ kọ́, kí ó lọ kí ọba ìlú, kí ó sì bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ni ó mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà. Àwọn òkè kan wà tí a ń bọ, àwọn mìíràn sì wà tí àwọn onígbàgbọ́ ń gun fún àdúrà. Inú àwọn méjèèjì kì í dùn bí a bá kọjú kámẹ́rà sí wọn láìbéèrè. Kí a ṣọ́ fóònù pẹ̀lú: bí a kò bá pa á láṣẹ pé kí ó má ṣe é, a lè kọ ibi tí a gbé ya àwòrán sínú àwòrán náà, ẹni tí ń wá ẹran láti pa yóò sì kà á.

Bí ẹ bá dé ilé ẹni tí ó mọ̀ yín ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, wọn yóò gúnyán. Ẹ ya àwòrán tán kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ padà sí Adó ní ọjọ́ náà, kí ó ti wà nínú ọkọ̀ ní Ìkọ̀lé kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n lára àpáta.