Lẹ́tà sí Bọ̀dá Kẹ́hìndé: Mo Fi Etí Gbọ́ Ìràwọ̀ Tó Já

Macclesfield, Cheshire,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Bọ̀dá mi Kẹ́hìndé,

Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé sí Igangan, torí nígbà tí Màámi pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ikọ́ wọn pọ̀ ju ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gbálẹ̀ ojúde lówùúrọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ kún ilé. Èmi wà láàyè. Òtútù ń bá mi jà, èmi náà ń bá a jà. Agogo mẹ́rin kì í tíì lù tí oòrùn fi ń wọ̀ níbí.

Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin nìkan ló lè yé nínú ilé wa. Tí Táyé bá kà á, á ní mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu nǹkan.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ìràwọ̀ tó ń já.

Bàbá òyìnbó kan wà ní ilé kejì sí tiwa. Láti ìgbà tí mo ti kó débí, a ò kọjá ká mi orí síra wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbí, ẹnì kan á bá ẹ gbé lára ògiri kan náà, kò ní bi ẹ́ bóyá o jí. Ní Ọjọ́bọ̀ ni mo rí i tó ń yí òpó kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tò sórí òpó náà. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ máa ń yí áńtẹ́nà lóde, tí Táyé á wà ní pálọ̀ tí á máa pariwo pé, "Ó ti dáa! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́! Ó tún ti bàjẹ́!" Mo rò pé ohun tí bàbá náà ń bá fà á nìyẹn. Mo nawọ́ sí i láti apá tiwa, mo bi í bóyá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ó ní rárá, pé ìràwọ̀ tó máa já lọ́jọ́ kejì ni òun ń dúró dè.

Mo gbójú sókè. Kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀run, òjò wínníwínní ń rọ̀. Mo sọ fún un pé kò ní rí ìràwọ̀ kankan nínú irú ọ̀run yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló fẹ́ rí i?

Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tú ikùn rédíò láti ìgbà tẹ́ ẹ wà ní pírámárì, ẹ mọ̀ pé FM kì í rin ìrìn àjò. Amúlùdùn tó ń sọ̀rọ̀ láti Mọ́níyà ní 99.1, ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń na irin rédíò síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ohùn wọn tó mọ́. Ayé rí róbótó, ìgbì FM sì ń lọ tààrà ni. Ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ̀, á fo orí wa kọjá, ó di òfúrufú. Bàbá náà ní ohun kan wà tó lè dá a padà. Òkúta tín-tìn-tín tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju hóró yanrìn lọ ló ń já wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Àwọn ti oṣù Kejìlá yìí ń sáré kìlómítà 35 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí irú rẹ̀ bá gbéra láti ojúde wa, kí ẹ tó pe "Igbó-Ọrà" tán ó ti kọjá Igbó-Ọrà. Nígbà tó bá wà ní nǹkan bíi kìlómítà 110 sí 80 lókè, iná á sọ lára rẹ̀, á jó tán. Afẹ́fẹ́ tó gba àárín rẹ̀ kọjá á fọ́ yángá, á tú electron sílẹ̀, ojú ọ̀nà tó tọ̀ á wá dà bíi wáyà gbọọrọ tí wọ́n ta sójú ọ̀run, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìgbì rédíò tó bá kọlu wáyà yẹn kò ní lè kọjá mọ́. Á ta padà wá sílẹ̀, ní ibi tó lè jìnnà tó kìlómítà 1,000 tàbí 2,000 sí ilé tó ti jáde.

Ẹ jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kí n má gbàgbé. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ni ẹ kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀, kí ẹ tó ra pánù. Kì í ṣe pánù kẹ́ ẹ tó ra oògùn. Ẹ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì bá mi wo àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ìwé ẹ̀rí WAEC mi ló yẹ kó wà níbẹ̀; ẹ yà á ní fọ́tò, kó hàn kedere, kí àtàǹpàkò yín má sì bo orúkọ mi.

Ó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo tibi iṣẹ́ dé, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ìyàwó bàbá náà fún mi ní tíì, ó mú mi lọ sí ilé pákó kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ti ń retí ẹ̀rọ gàgàrà. Rédíò kan àti kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan ni mo bá. Ó ti yí rédíò sí 143.050 MHz. Àwọn ọmọ ogun Faransé ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní GRAVES, lápá ibi tí ìlú Dijon wà, láti ọdún 2005 ni wọ́n sì ti ń fi í ṣọ́ sátẹ́láìtì tó ń kọjá lókè. Kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru, orí 143.050 yẹn ló wà. Ó tó kìlómítà 850 sí ibi tí à ń gbé, nítorí náà kò yẹ ká gbọ́ ọ. A ò sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Ariwo "ṣááá" lásán ni, irú èyí tí rédíò máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín tí wáyà kan bá ti já.

Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tí mo gbọ́ "píìùn." Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì rọ̀ sílẹ̀. Bàbá náà gbé ìka kan sókè, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, òmíràn, "píì," ó kúrú ju ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan wá tó gùn, tó ń gbọ̀n, tó ń lọ sókè sódò, débi pé mo pariwo "Yéè!" ìyàwó bàbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sórí kọ̀ǹpútà. Òṣùpá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún wà lẹ́yìn kùrukùru lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó fẹ́ fojú rí ìràwọ̀ ti pàdánù. Rédíò kò bìkítà fún kùrukùru, kò bìkítà fún òṣùpá. Wọ́n ní ọ̀sán gangan pàápàá, nígbà tí oòrùn ń ràn, ìràwọ̀ ń já, rédíò sì ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀. Nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá, ta ló tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ẹ̀yin àti Táyé ló sì ni ìràwọ̀ yìí. Apá ibi tí ìràwọ̀ Ìbejì wà lójú ọ̀run ló máa ń dà bíi pé wọ́n ti ń jáde wá, orúkọ Ìbejì náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Tí àwọn ará Igbó-Ọrà bá gbọ́, wọ́n á ní tàwọn ni, wọ́n á tún fi kún ọdún ìbejì wọn. Ẹ má sọ fún wọn. Òkúta ńlá kan wà tó ń jẹ́ Phaethon, tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní 1983, tó ń yí oòrùn ká tó sì máa ń sún mọ́ ọn gan-an; eruku rẹ̀ ló tú sójú ọ̀nà, ayé wa sì ń gba inú eruku yẹn kọjá lọ́dọọdún ní nǹkan bí ọjọ́ 13 àti 14 oṣù Kejìlá.

Àdúgbò wa níbí gan-an wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ fífi rédíò gbọ́ ìràwọ̀ yìí. Tí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester lọ sí Crewe, mo máa ń rí àwo irin kan tó fẹ̀ tó mítà 76 nínú oko. Mo ti rò pé ti NEPA wọn ni. Ibi ìwòràwọ̀ tó ń jẹ́ Jodrell Bank ni. Ní oṣù Kejìlá 1945, tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, onímọ̀ sáyẹ́ńsì kan tó ń jẹ́ Bernard Lovell gbé ẹ̀rọ rédà tí àwọn ológun lò tẹ́lẹ̀ wá síbẹ̀, sínú oko àwọn onímọ̀ ewéko ti Yunifásítì Manchester, torí pé tíráàmù ìgboro ń da ariwo sí ẹ̀rọ rẹ̀. Kì í ṣe ìràwọ̀ ló ń wá. Ìtànṣán kan tó ń ti òfúrufú wá ló ń lépa. Ẹ̀rọ náà kàn ń rí nǹkan tí kò retí. Ó di alẹ́ ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 1946, ìràwọ̀ já lọ́pọ̀ yanturu, èsì sì kún ojú ẹ̀rọ náà, kò sí iyèméjì mọ́ pé ìràwọ̀ tó ń já ló ń rí. Ọdún 1957 ni wọ́n tó kọ́ àwo ńlá náà parí. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ń fi irin jálajàla dán nǹkan wò kì í ṣe ọ̀lẹ? Ẹ fi èyí han ìyàwó yín tó bá tún ní kẹ́ ẹ kó rédíò òkú dànù.

Gbígbọ́ nìkan kọ́ o. Àwọn bíi bàbá yìí ń gba ara ìràwọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹnì kan ní England, ẹnì kejì ní Ítálì tàbí Póláńdì. Joe Taylor, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, ló gbé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é jáde ní 2001. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ń sọ odindi ọ̀rọ̀ tán kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó sì ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Lẹ́yìn náà á dákẹ́ kí ẹnì kejì sọ tirẹ̀. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ títí òkúta kan fi máa já sáàárín wọn. Kí ni wọ́n wá ń sọ lẹ́yìn gbogbo ìdúró yẹn? Àmì ìpè mi nìyí, tìrẹ nìyí, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nìyí, ó dàbọ̀. Ó tán! Bọ̀dá, ẹ fojú inú wo Màámi nídìí ẹ̀rọ yẹn. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́sí ńkọ́?" Gbogbo ìràwọ̀ Ìbejì á ti já tán, wọn ò ní tíì dé orí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè.

Mo bi bàbá náà bóyá ó lè wá ìràwọ̀ kan tó máa gbé ohùn mi dé Igangan. Ó mú bébà, ó yà á fún mi. Wáyà ojú ọ̀run yẹn kò ga tó. Ibi tó lè gbé ohùn dé kò ju 2,000 kìlómítà àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ibí sí ọ̀dọ̀ yín lé ní 5,000. Ó ní ìgbì kúkúrú ló lè dé ibẹ̀, pé òun ti bá àwọn tí àmì ìpè wọn fi 5N ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Mo ti ń ro ohun tí n bá sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè gbọ́ tiyín. Kò gba GRAVES, rédíò FM lásán tó. Ẹ wá ojú ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní Igangan, kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò alágbára kan wà lórí nọ́ńbà kan náà níbi tó jìnnà: Àbíjàn tó nǹkan bíi 830 kìlómítà, Bàmákò àti N'Djamena lé ní 1,300. Ẹ lo áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹ kọ ojú rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbọ́ "ṣááá." Ìdájí ló dára jù, ní nǹkan bí agogo márùn-ún sí mẹ́fà, torí ìgbà yẹn ni apá tiwa nínú ayé ń kọjú sí ibi tí ayé ń sáré lọ, tó ń pàdé òkúta lójúkojú. Kò dìgbà tí Ìbejì bá padà wá. Ojoojúmọ́ ni díẹ̀díẹ̀ ń já, àwọn míì tó pọ̀ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Kìíní. Ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ní ju ìdajì ọ̀rọ̀ tàbí orin gígé kan lọ. Tó bá jẹ́ Faransé, ẹ má tíì hó. Ti Kútọnu lè wọlé nígbàkígbà. Tó bá sì wọlé tó jókòó, tó ń bá ìròyìn lọ, kì í ṣe ìràwọ̀ nìyẹn, ojú ọjọ́ ló gbé e wá. Èyí tó bá yọ bìrí tó sì kú ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú aago.

Gbígbọ́ nìkan ni mo sọ o. Ẹ má gbé ohùn kankan jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC.

Rédíò Bàbá, èyí tó ní àpò aláwọ, ẹ má tà á fún ọkùnrin Tápà yẹn, iye yòówù tó bá pè. Òun ni kẹ́ ẹ lò. Mo máa fi owó bátìrì kún ti oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ ìyá aláṣọ ń padà bọ̀ síbí lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ní àyè díẹ̀ ṣì wà nínú ẹrù òun: ẹ fi ẹ̀gúsí bíbó ránṣẹ́, pẹ̀lú èlùbọ́ àti ìlasa gbígbẹ. Ẹ dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà wo èlùbọ́ mi bí oògùn olóró.

Èmi ni àbúrò yín,
Ìdòwú.