Ojú Ilé Ni Fèrèsé

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ilé bá ní ojú, fèrèsé ni. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni kólékólé máa ń yà sí nígbà tí ó bá rí i pé ilẹ̀kùn le. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí, nítorí pé ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé tiwa kí a tó fẹnu kò.

Ilé ilẹ̀ ni à ń gbé. Yàrá ìyá wa àgbà wà lápá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ojú àwọn ará àdúgbò kò tó. Nígbà tí àwọn olè fọ́ fèrèsé ilé kan ní òpópónà wa lóru, àwọn kan nínú wa ní kí wẹ́dà wá jó irin mọ́ ojú fèrèsé náà pa, kí ó má ṣeé ṣí mọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀rá ìdáàbòbò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí ti tó. Ìyá gbọ́ tẹnu wa tán, wọ́n wá bi wá pé: “Bí iná bá gba ẹnu ọ̀nà, ibo ni ẹ ó gbà gbé mi jáde?” Gbogbo ilé dákẹ́. Ohun méjì ni fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó dí olè lọ́nà, kí ó sì jẹ́ kí onílé ríbi jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rá náà. Pọliẹ́sítà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó mọ́ gaara bí omi, ó sì ní gọ́ọ̀mù líle lójú kan. Inú yàrá ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Bí a bá to márùn-ún èyí tí ó nípọn tó 200 máíkírọ́ọ̀nù lé ara wọn, mìlímítà 1 péré ni. Kì í ṣe pé dígí kò ní fọ́ mọ́ o. Yóò fọ́, ṣùgbọ́n àfọ́kù rẹ̀ kò ní túká. Ọ̀rá ni yóò dì í mú.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ìtàn sọ pé ní ọdún 1903, ìgò kan já bọ́ nínú ilé ìwádìí Édouard Bénédictus, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ìgò náà sán, ṣùgbọ́n kò túká, nítorí pé oògùn olómi kan ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ bí ike. Láti ibẹ̀ ni ó ti ronú kan dígí alápapọ̀, irú èyí tí ó wà níwájú ọkọ̀ wa lónìí.

Kò sí ọ̀rá tí kò ṣeé gé bí olè bá ráyè. Ṣùgbọ́n níbi tí òkúta kan ì bá ti tó, yóò lù ú, yóò tún lù ú, ariwo yóò sì máa pọ̀. Ẹni tó sùn yóò jí, aládùúgbò yóò gbọ́. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ọ̀rá tí wọ́n fi ń sọ dígí ọkọ̀ di dúdú kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òòrùn ni ìyẹn wà fún. Ìkejì, bí etí rẹ̀ kò bá dè mọ́ férémù, odidi dígí lè ya wọlé bí ẹní. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù dè é yíká. Ìkẹta, kò bá fèrèsé lúfà mu, nítorí pé olè lè fa dígí rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọ́ ọ. Ìkẹrin, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò. Nínú ìlànà EN 356 ti Yúróòpù, bọ́ọ̀lù irin tí ó wúwo tó kílò 4.11 ni wọ́n ń jẹ́ kí ó já lé dígí lórí. Fún ìpele P2A, ẹ̀ẹ̀mẹta ni láti òkè mítà 3, kò sì gbọ́dọ̀ là á já. Dígí àti ọ̀rá pa pọ̀ ni wọ́n ń dán wò, nítorí náà ẹ bi wọ́n pé irú dígí wo ni wọ́n lò.

Ohun tí àwa ṣe nìyí. A lẹ ọ̀rá mọ́ dígí, a sì ṣe irin sí inú yàrá, lẹ́yìn dígí, ṣùgbọ́n irin tí ó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ni, tí ìkọ́ rẹ̀ kò lo kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rá ni kò ní jẹ́ kí ọwọ́ olè tètè kan ìkọ́. Ìkọ́ ni kò ní jẹ́ kí irin di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó wà nílé. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rá tó ń dí olè lọ́nà yóò dí ẹni tó bá fẹ́ fọ́ dígí sá jáde náà. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé fi gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Lóṣooṣù, a máa ń paná, a ó ní kí àwọn ọmọ ṣí i nínú òkùnkùn. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 8, ti mọ̀ ọ́n ṣí.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ dí ẹnu ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má dí i pa mọ́ ara yín. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wo irin ojú fèrèsé yàrá àwọn ọmọ: ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ wà?

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ilé wa. Àmín.