Ìwé ni wọ́n rù sá lọ

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ ìtàn àti àṣà Àméníà ní Fresno, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, kò kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Àméníà ti tẹ̀ dó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí òǹkọ̀wé William Saroyan sí ní 1908. Ẹlòmíì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́ èdè Àméníà lẹ́nu ìyá àgbà, àmọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọ́kọ́ mọ álífábẹ́ẹ̀tì tí Mesrop Mashtots ṣe ní nǹkan bí ọdún 405.

Nínú gbogbo ìtàn Àméníà, ti ìwé tí wọ́n ń pè ní ìwé Mush ló wọ̀ mí lára jù. Ìwé àfọwọ́kọ ràgàjì ni, awọ ẹran ni ojú ewé rẹ̀, ó tó nǹkan bí kílò 28. Nígbà ìpakúpa àwọn ará Àméníà ní 1915, obìnrin méjì pín in sí méjì, wọ́n sì gbé e sá. Wọ́n ní ọ̀kan kú sọ́nà, lẹ́yìn tó ti ri ìdajì tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdajì méjèèjì ti pàdé báyìí ní Matenadaran, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àfọwọ́kọ pamọ́ sí ní Yerevan, olú ìlú Àméníà. Ẹ rò ó wò ná: ikú ń lé wọn bọ̀, ìwé ni wọ́n rù!

Ta ló wá lè sọ pé ẹ̀kọ́ nípa Àméníà kò wúlò? UNESCO ti ka èdè Àméníà ti ìwọ̀-oòrùn mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu. Inú mi dùn sí gbogbo ọ̀dọ́ tó jókòó ti gírámà rẹ̀, pàápàá àwọn tí kì í ṣe ọmọ Àméníà rárá.