Ẹ Jẹ́ Kó Máa Ta Á Ní Pálọ̀

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi obìnrin ń lọ ní Houston, ìgbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì kẹfà ni wọ́n máa ń bi í bóyá orin ẹnu ló fẹ́ kọ́, tàbí fèrè àti ìlù, tàbí ẹgbẹ́ olókùn tí wọ́n ń pè ní ọkẹ́sítírà. Iṣẹ́ kíláàsì gidi ni. Ó ní àkókò tirẹ̀ láàárín ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì ní máàkì. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ohun èlò orin rí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, èyí ló sì kọ́kọ́ wú mi lórí. Ní Abẹ́òkúta tí mo dàgbà sí, ọmọ àlùfáà tàbí ọmọ ọ̀gá akọrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ dùùrù tẹ̀ nígbà tiwa. Àwa yòókù, kò sẹ́ni tó bi wá.

Ohun èlò mẹ́rin ni wọ́n kó síwájú àwọn ọmọ: fáólìnì, fíólà, ṣẹ́lò, àti dọ́bù béèsì tó ga ju àgbàlagbà lọ. Wọ́n ní kí kálukú gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kó ta á díẹ̀. Ọmọ mi mú fíólà. Èmi ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ fíólà. Ó jọ fáólìnì, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé bákan náà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, okùn rẹ̀ tó nípọn jù lọ sì ń dún nísàlẹ̀, bí ohùn ìyá àgbà tó ń pe ọmọ wọlé. Ó ní, "Dádì, eléyìí ni mo fẹ́. Kì í pariwo." Ohùn ló fi yàn án, kì í ṣe pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti mú un. Mo mọyì ìyẹn gan-an.

Owó ló kàn. Àwọn òbí tó ti ṣe é ṣáájú wa ní ká yá a lóṣooṣù, ká má tíì rà á, nítorí apá ọmọ ń gùn, a ó sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń ka díẹ̀ nínú owó ìyálò náà mọ́ owó tí ènìyàn yóò fi rà á bó bá yá. Ẹni tó bá wo orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí èyí tó pọ́ọ́kú, tòun ti àpótí àti ọrun rẹ̀. Mi ò ní gba òbí kankan níyànjú láti sún mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, èèkàn tó ń fa okùn le kì í dúró, igi kékeré tó gbé okùn sókè a ga jù, ìka ọmọ ọdún 11 a sì máa ro ó bó ṣe ń fi tipátipá tẹ okùn mọ́lẹ̀. Ọmọ náà á gbà pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tó jẹ́ pé igi ni kò dáa. Ọmọ púpọ̀ ti torí bẹ́ẹ̀ pa orin tì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan ní kí ọmọ mi na apá òsì rẹ̀ gbọọrọ, ó gbé fíólà lé e léjìká, ó sì wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ á yí orí igi náà ká láìnàgà. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn fíólà: 13, 14, 15, títí dé 16 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbà. 14 ló bá a mu; ara rẹ̀ kò gùn ju ti fáólìnì àgbà lọ. Ọkùnrin náà fi rọ́sìn kún un, ìyẹn oje igi tó ti gan, tí wọ́n ń fi pa irun ẹṣin tó wà lára ọrun kó lè máa di okùn mú. Bí kò bá sí i, ọrun á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni, kò ní dún. Ó tún kìlọ̀ fún wa nípa oòrùn Texas: ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò o, ooru á tú gúlúù tó so igi rẹ̀ pọ̀.

Bàbá mi béèrè láti Abẹ́òkúta, lórí fóònù, pé kí lọmọ àwọn ń kọ́. Mo ṣàlàyé: igi ni, ó ní okùn mẹ́rin, ọrun onírun ẹṣin ni wọ́n sì fi ń fà á kó tó dún.

"Gòjé nìyẹn," ni wọ́n wí.

Wọn ò ṣìnà. Orin Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbàá tó di olóògbé ní 1978, ni wọ́n fi dàgbà, gòjé kì í sì í kúrò nínú orin sákárà rẹ̀. Ohun tó para pọ̀ di gòjé ni igbá tí a fi awọ bò lójú, okùn kan ṣoṣo tó jẹ́ irun ẹṣin, àti ọrun onírun ẹṣin. Láti ìgbà náà ni wọn kì í ti í pe fíólà ní fíólà mọ́. Bí wọ́n bá ti kí ọmọ tán, wọ́n á ní, "Gòjé ńkọ́?"

Nínú kíláàsì, wọn ò kọ́kọ́ fún wọn ní ọrun rárá. Ìka ni wọ́n fi ń ta okùn. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú: kí àtàǹpàkò tẹ̀ díẹ̀, kí ọmọńdinrín jókòó sórí igi ọrun. Olùkọ́ lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí ìka ń tẹ̀, nítorí fíólà kò ní ààlà irin bíi ti gìtá. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn náà á yẹ̀. Okùn fáólìnì ni G, D, A, E. Ti fíólà àti ti ṣẹ́lò ni C, G, D, A. Ti dọ́bù béèsì ni E, A, D, G. Ẹ wò ó dáadáa: G, D àti A wà lára gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn D, kí gbogbo kíláàsì lè jọ ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má jókòó máa wo ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fẹ́ràn ọmọdé. Àmọ́ okùn C, èyí tí ọmọ mi torí rẹ̀ mú fíólà, kò tíì sí nínú iṣẹ́ wọn. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Lálẹ́, bó bá ti parí iṣẹ́ tí wọ́n fún un, á fa okùn C yẹn ní ẹ̀ẹ̀kan kó tó gbé e sínú àpótí.

Nígbà tí ọrun dé ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá di ti gbogbo ilé. Ohun tó ń jáde kò tíì jẹ́ orin. Ó ń han, ó ń ké, ọrun ń fò lórí okùn. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní kó máa lọ ta á ní gáráàjì. Mo ní rárá, pálọ̀ ni yóò ti máa ta á, níbi tí a wà.

Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní agbo ilé àwọn Àyàn, ẹ̀gbẹ́ àgbà lọmọ ti ń kọ́ ìlù. Bó bá lù ú tí kò dún, ojú gbogbo ilé ni, kò sí ẹni tó ń lé e jáde. Etí rẹ̀ á ti gbọ́ ọ tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Shinichi Suzuki, olùkọ́ fáólìnì tí a bí ní Nagoya ní Japan ní 1898, tí bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ fáólìnì, gba ọ̀nà tirẹ̀ dé orí èrò kan náà. Ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ọmọ Japan ló ń sọ èdè Japan, torí pé wọ́n ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí orin ṣe wọ ilé. Nínú ètò tirẹ̀, òbí a máa bá ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́, a sì máa bá a ṣe é nílé. Ètò ilé-ẹ̀kọ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan ló ń kọ́ ogunlọ́gọ̀ ọmọ, òbí kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí kíláàsì kò lè fún un, àfi kó rí i nílé.

Nítorí náà, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, mo máa ń jókòó. Mo máa ń fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá. Mi ò mọ nótì kà, ṣùgbọ́n bí ìka kẹta bá lọ sílẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ. Nínú èdè Yorùbá, ohùn la fi ń mọ ọ̀rọ̀ yà sọ́tọ̀ láti kékeré, etí wa kò lè ṣe kó má gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ, mi ò ní sọ pé ó ti ṣẹ̀. Mo máa ń ní kó kọ́ mi: níbo ni ìka yẹn ń lọ? Bó bá ń fi hàn mí, á tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ọrun kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu rárá, ó sì bú sẹ́kún, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mi ò rò pé ìwàásù wúlò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo fa tábìlì mọ́ra, mo fi ọwọ́ lù ú bí wọ́n ṣe ń lu sákárà, mo ní kó máa fa okùn D nìkan, gbọọrọ, láti ìdí ọrun dé òpin rẹ̀, kó má wulẹ̀ tẹ ìka kankan. Ó nu ojú. Ó fà á. Àbúrò mi tó fẹ́ lé e lọ sí gáráàjì jáde láti yàrá, ó gbé àwo ìjẹun, ó fi ṣíbí bá wa lù ú.

Mo tún ń fi orin sí i nílé kó lè gbọ́ ibi tó ń lọ. African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944 fún ẹgbẹ́ olókùn ni mo fi sí i jù. Ọmọ kọ́yà Kàtídírà ní Èkó ni Ṣówándé, lọ́wọ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá akọrin ibẹ̀, kó tó lọ sí London. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí náà ló kú sí, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1987. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé kì í ṣe ilé onílé ló yà sí pẹ̀lú fíólà. Orin háíláìfù ló wà nídìí apá tó gbẹ̀yìn, Akinla. Nígbà tó gbọ́ ọ, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Níbo làwọn fíólà wà níbẹ̀?" Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn, a sì ń dá a padà títí a fi gbọ́ wọn lábẹ́ àwọn fáólìnì.

Oṣù Kejìlá ni kíláàsì wọn kọ́kọ́ jáde ta orin fún àwa òbí, gbogbo wọn wọ aṣọ dúdú, wọ́n ta ohun kan náà pọ̀, ó sì dùn.

Ọdún kejì rèé. Wọn kì í ta ohun kan náà mọ́. Kálukú ti ní apá tirẹ̀, àárín sì ni fíólà sábà máa ń wà, kì í sábà lé orin. Ó ti di ọmọ tó ń dúró láàárín orin, tó ń ka iye ìlù sínú kó tó wọlé. Àlejò tó bá gbọ́ ọ ní pálọ̀ kò ní mọ irú orin tó jẹ́. Bàbá mi gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní orin wo ni gòjé ń ta báyìí.

"Bàbá àgbà, apá tèmi nìyẹn," ló wí. "Ẹ óò gbọ́ ìyókù lóṣù Karùn-ún."