Níbo Ni Ẹ Ti Rí Èlùbọ́ Yìí?

Ọpẹ́ ni fún Allāh, Ọba tí ó fi òwò ṣe ọ̀nà ìjẹ halāl fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì wa Muhammad. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí èmi fúnra mi ni ẹni tí ó jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo. Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé tí a bá ti wa iṣu tán, tí ọyẹ́ sì dé, orí àpáta ni ojú gbogbo wa máa ń wà. Àwọn ìyá wa á bẹ iṣu, wọn á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọn á fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sá a sínú oòrùn. Èyí tí ó gbẹ tán ni à ń pè ní gbodo, òun ni wọ́n ń gbé lọ sí ẹ̀rọ tí ó ń di èlùbọ́. Ìyá mi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ìwé.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí n kò rí iṣẹ́ ìjọba, mo bọ́ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ wọn. Apá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi mí sí. Èlùbọ́ wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá tó mọ́ tónítóní, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ojúlówó èlùbọ́ iṣu Òkè-Ògùn ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni inú mi dùn bí ẹni pé orúkọ ìyá mi ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán mi wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń di ọjà. Mo bá àwọn méjì tí wọ́n ń da èlùbọ́ pọ̀ nínú ọpọ́n ńlá: kọ́ńgò èlùbọ́ iṣu méjì, kọ́ńgò láfún kan. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́ fún mi. Mo bi wọ́n níbo ni iṣu náà ti wá, wọ́n ní ẹni tí ó bá gbé e wá láàárọ̀ náà ni àwọn ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́, láfún kì í ṣe májèlé. Àwọn Ẹ̀gbá ń fi rokà, ó sì ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé iṣu àti láfún ni, n kò ní ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ lónìí. Ṣùgbọ́n owó iṣu ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀gẹ́.

Mo dákẹ́. Mo nílò owó oṣù.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó wọ híjáàbù funfun, ó mú ọ̀rá kan, ó yí i padà, ó sì wò mí lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni ẹ ti rí èlùbọ́ yìí? Ṣé wọn ò lu láfún mọ́ ọn?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni mí. Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn."

Ẹ wo èsì náà dáadáa. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òtítọ́. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni mí, iṣẹ́ ìyá mi sì ni lóòótọ́. Àní mo fi òtítọ́ méjì bo irọ́ kan mọ́lẹ̀, mo sì fi orúkọ ìlú mi àti òógùn ojú ìyá mi ṣe ìdérí rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní "Ah, ọmọ onílé ni ẹ́!" ó sì ra ọ̀rá márùn-ún. Ó ní ọmọ òun tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, nítorí ọmọ náà kò mọ orísun èyí tí wọ́n ń tà fún un níbẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi kí ó tó lọ. Mo ṣe àmín.

Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì tí Abū Hurayrah gbà wá, tí ó wà nínú Sọ̀híìhù Muslim, nípa ọjọ́ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tí ìka rẹ̀ kan ibi tí ó tutù nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára wa. Mo ti gbọ́ wáàsí lórí hádíìsì yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo tó rí i pé Ànábì kò bá ọkùnrin náà wí nítorí òjò. Òjò kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ parọ́, ẹnì kankan kò tíì bi í ní nǹkan kan. Èyí tí ó gbẹ tí ó wà lókè ni ó ń bá a parọ́. Èmi ńkọ́, tí wọ́n bi ní ìbéèrè lójúkojú?

Nínú hádíìsì mìíràn tí Ḥakīm bn Ḥizām gbà wá, Ànábì so àlùbáríkà òwò mọ́ nǹkan méjì: kí olùtà àti olùrà sọ òtítọ́, kí wọ́n sì ṣe àlàyé. Bí òtítọ́ nìkan bá tó ni, kì bá tí fi àlàyé kún un. Lára ọ̀rá èlùbọ́ ló yẹ kí àlàyé náà wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ẹ̀wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, oògùn kòkòrò tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Sniper. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ, èyí tí wọ́n sì bá wà láti 0.03 títí dé 4.6. Wọ́n sún òfin náà síwájú léraléra. Àgbẹ̀ tí ó da oògùn sí ẹ̀wà àti àgbẹ̀ tí kò da nǹkan kan sí i, ìfòfindè kan náà ló mú wọn, nítorí àpò kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tí ó dì í kò sì kọ nǹkan kan sí i. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn yìí, èyí tí kò ju 100 mílílítà lọ. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú yàrá ẹ̀yìn tí mo wọ̀ yẹn. (Ọ̀rọ̀ kọ́ńgò tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ wọnú, mo fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá ń lò ó kí ó lọ ka Sūratul-Muṭaffifīn.)

Nígbà tí mo lọ sílé fún Iléyá, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo rò pé wọn á pariwo. Wọn ò pariwo. Ohun tí wọ́n bi mi ni pé, "Àdìó, orúkọ ta lo fi tà á?" Nígbà tí n kò lè dáhùn, wọ́n ní, "Wá ìyá yẹn lọ."

Mo padà, mo sì sọ fún ọ̀gá mi pé kí a kọ láfún sára ọ̀rá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá rà á? Mo dúró níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà kò wá mọ́. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo sì bi Alfa wa léèrè. Wọ́n ní kí n máa wá a, bí n kò bá rí i, kí n fi owó náà ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá yọjú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Wọ́n sọ fún mi nípa Imām Abū Ḥanīfah, tí ó jẹ́ oníṣòwò aṣọ ní Kūfah. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbàgbé láti sọ àbùkù ara aṣọ kan fún ẹni tí ó rà á, wọn ò sì mọ ẹni náà. Gbogbo owó ọjà náà ni Imām fi ṣe sàráà. Ìgbàgbé ni tiwọn o. Èmi kò gbàgbé.

Èmi àti ìyá mi ni a jọ ń ta èlùbọ́ báyìí. A máa ń kọ ọ́ sára àpò: Àgọ́-Àrẹ, oṣù tí a sá a, pé iṣu nìkan ni, àti bí òjò bá kàn án kí a tó tún un sá. Èyí tí ó bá hu, a ń dà á nù. Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan láti Bódìjà wo àpò mẹ́wàá, ó ra mẹ́fà, ó fi mẹ́rin tí a kọ òjò sí lára sílẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. Ìyá mi ní kí a máa jẹ ẹ́.

Bí ìyá kan bá wà nínú ilé yín tí ó ra ọ̀rá èlùbọ́ márùn-ún ní Ìbàdàn láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó ní ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé láfún wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.