Abẹ́rẹ́ Kò Bá Yunifásítì Jà: Ìjíròrò Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ní Ọ̀wẹnà

Ẹ̀GBỌ́N: Káàbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò mi. Wọ́n ní ìwọ lo ń gba àwọn ọmọ níyànjú pé kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní yunifásítì. Ní Ọ̀wẹnà níbí, ilé ọ̀gá ni ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ títí á fi gba fírídọ̀mù. Àwọn ìyá wa tó rán bùbá tí a fi ń ṣògo, yunifásítì wo ni wọ́n lọ?

ÀBÚRÒ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ilé ọ̀gá, nítorí ọwọ́ tí kò mọ abẹ́rẹ́, ìwé ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́: oníbàárà dúró níwájú yín, ẹ fi teèpù wọn àyà, ìdí àti èjìká rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ẹ gé aṣọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni aṣọ yẹn bá mu. Ẹni tó fẹ́ rán ẹgbẹ̀rún aṣọ fún àwọn tí kò fojú rí, ọgbọ́n mìíràn ló nílò. Bí àyà bá fi ínǹṣì méjì tóbi sí i, díẹ̀ péré ni èjìká àti ọrùn ń fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ gbogbo pàtáànì lọ́gbọọgba, èjìká aṣọ rẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀ lára ẹni tó sanra. Ìṣirò yìí, pẹ̀lú ìmọ̀ òwú àti aró, ni yunifásítì wà fún.

Ẹ̀GBỌ́N: Lisa Folawiyo tó sọ àǹkárá di aṣọ tí wọ́n ń rà lókè òkun ńkọ́? Òfin ló kà. Duro Olowu tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà, òfin ni.

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọnà wọn kò ṣe é fojú kéré. Ṣùgbọ́n ilé aṣọ tí agbẹjọ́rò dá sílẹ̀ ṣì nílò ẹni tó mọ pàtáànì. Ẹ wo Shade Thomas-Fahm, tó kọ́ṣẹ́ ní Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù, tó padà sílé ní 1960. Ó fi síìpù sí ìró kó má baà máa tú, ó sì rán gèlè tí a kàn ń dé sórí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó, ó sì fi tún aṣọ ilé ṣe. Kenneth Ize kàwé ní Vienna, aṣọ òkè tí àwọn ahunṣọ wa hun ló sì gbé e dé àṣekágbá ìdíje LVMH fún àwọn tó ń ṣe ọnà aṣọ ní 2019.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn tó gboyè tí wọn ò lè fi òwú bọ màsínnì ńkọ́? Owó ilé-ìwé yẹn á ra màsínnì mélòó?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀bi ilé-ìwé tó kọ́ orí láìkọ́ ọwọ́ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gba fírídọ̀mù. Ní ti ohun tí owó ilé-ìwé ń rà, ẹ wo ibùdó ìwádìí kòkó tó wà ní Ọ̀wẹnà yìí. Àwọn baba wa ti ń gbin kòkó kó tó dé. Àrùn kòkó àti irúgbìn tó dára sí i ló wá yẹ̀ wò. Aṣọ náà nílò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta lórí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn kan ní ó ń ba aṣọ jẹ́, àwọn kan ní ó ń mú iṣẹ́ yá. Àṣẹ ọba àti àríyànjiyàn ni wọ́n fi ń yanjú ohun tó yẹ kí a dán wò.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo ni ọmọ Ọ̀wẹnà á ti rí i kọ́ láìkọjá òkun?

ÀBÚRÒ: FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní ẹ̀ka Industrial Design. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n gba irú ìwé tí ẹ̀yin ọ̀gá ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, kí wọ́n fi ìwọ̀n náà ṣètò sáísì tó bá ara tiwa mu. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí a ń rà lọ́jà ni wọ́n fi ìwọ̀n ara àwọn ẹlòmíràn gé. Ẹ̀yin lẹ ní ìmọ̀ náà lọ́wọ́. Yunifásítì ló lè kó o jọ, kó sì sọ ọ́ di ohun tí ilé iṣẹ́ lè lò. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá lọ síbẹ̀, ẹ má kà á sí pé ó sá fún abẹ́rẹ́.