Pupa Tó Yọ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ètè

Bí ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúǹdé bá ń bọ̀ nílùú láyé ìjọ́un, ọkọ̀ wọn á kọ́kọ́ gba ìgboro kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn á kọjá lọ, pósítà á kù sílẹ̀. Wọ́n á ti fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà, mọ́ òpó iná, mọ́ ilẹ̀kùn onígbàjámọ̀: orí àwọn òṣèré ní dúdú lórí ilẹ̀ pupa tàbí ìyeyè, orúkọ eré gàdàgbà lókè, àlàfo funfun nísàlẹ̀ fún ọjọ́ àti gbọ̀ngàn, kí pósítà kan náà lè bá wọn dé Ìbàdàn, dé Òṣogbo, dé Àkúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ Bàbá Sàlá. Nígbà tí àwọn òṣèré wa sì bọ́ sídìí sinimá, tí Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Aiyé tẹ̀lé e ní 1979, ara ògiri náà ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Ẹwà àwọn pósítà wọ̀nyẹn, àìtó owó ló bí i. Nílé ìtẹ̀wé, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pélétì tirẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ aláwọ̀ kan, bébà gbọ́dọ̀ tún wọlé fún àwọ̀ kejì. Àwọ̀ mẹ́rin ló ń gbé fọ́tò jáde bí ojú ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó mẹ́rin lórí ìwé tí òjò máa fọ̀ lọ? Méjì ti tó. Pupa á ṣíwájú, dúdú á gùn ún. Omi inú ẹ̀rọ àti ọ̀rinrin ojú ọjọ́ á ti mú bébà fẹ̀ díẹ̀ kó tó padà wọlé, nítorí náà dúdú kì í bọ́ gẹ́lẹ́ sí àyè rẹ̀. Ẹ ó rí pupa tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè òṣèré, ẹ ó rí etí fìlà tí àwọ̀ kò kàn. Bí ẹ bá sún mọ́ ojú òṣèré náà, àmì tóótòòtó lásán ni, ńlá níbi tó ṣókùnkùn, kékeré níbi tó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó pète èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún ẹwà. Síbẹ̀, òun ni ojú ìran wa fi mọ eré Yorùbá.

Lónìí, ọ̀dọ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, lè lo àwọ̀ tó bá wù ú láì fi kọ́bọ̀ kún un, àmọ́ àìpé àtijọ́ yẹn gan-an lọ̀pọ̀ wọn ń wá kiri. Inú mi dùn sí wọn. Photoshop, tó ti wà láti 1990, lè ṣe é. GIMP tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà lè ṣe é. Nínú Photoshop, wọ́n á sọ fọ́tò di dúdú àti funfun, wọ́n á mú Bitmap, wọ́n á yan Halftone Screen tó ń sọ fọ́tò di àmì tóótòòtó, wọ́n á fún un ní nǹkan bí ìlà 50 nínú íǹṣì kan, ní igun 45, torí igun yẹn ni ojú kì í fi tètè rí bí àmì ṣe tò. Àwọ̀ á wà nísàlẹ̀, dúdú á wà lókè lórí Multiply, nítorí pé íńkì kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀dà ilé: ìyeyè lórí búlúù, àwọ̀ ewé ló ń dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sún àwọ̀ kan kúrò láyè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wà ní 300 dpi (píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú íǹṣì kan), píksẹ́ẹ̀lì mẹ́ta jẹ́ ìdámẹ́rin mìlímítà, ó sì tó. Àwọn kan ń sún un ní ogún, ojú òṣèré á di méjì. Atẹ̀wé wo láyé ọjọ́un ló jẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá Ògúǹdé?

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù ni àwọ̀ ogbó. Wọ́n á da àwọ̀ ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Oòrùn kì í kàn sọ pósítà di aláwọ̀ ilẹ̀ lásán. Pupa àti ìyeyè ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, búlúù àti dúdú á ṣẹ́kù. Ẹ wo pósítà ìgẹrun tó ti pẹ́ lójú fèrèsé onígbàjámọ̀: gbogbo orí ibẹ̀ ti di búlúù. Bébà èyí tó wà nínú àpótí pẹ̀lú máa ń pọ́n, torí ohun tó ti inú igi wá nínú bébà olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n íńkì rẹ̀ á ṣì máa dán. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ pinnu: ṣé ògiri ni pósítà rẹ̀ gbé ni, àbí àpótí?

Ohun kan wà tó dùn mí jù. Láyé àtijọ́, pósítà kan kì í jọ èkejì tán. Íńkì á fúyẹ́ lára èyí, atẹ̀wé á bu sí i, á ki lára ìyẹn. Ní báyìí, fáìlì kan ni, pupa á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè kan náà, ní àyè kan náà, lára ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Bí wọ́n bá tún wá ra àwòrán bébà ogbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bébà onílùú onílùú ni wọ́n sáábà ń rà. Wọn kò rí tiwa wò, nítorí tiwa ti bá òjò lọ.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tẹ̀wé, tí ìyá yín bá wọn ṣeré, tí pósítà kan ṣì wà lábẹ́ ibùsùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde. Ẹ yà á sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, tigun-tigun rẹ̀, tẹ̀yìn-tẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi pamọ́ ní TIFF. Ẹ má bá a tún àwọ̀ kankan ṣe.